Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Òní

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó lè rìnrìn àjò lọ, kó rìn ín bọ̀, láì tíì fi ẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá a jìnnà. Bàbá Aláago ni. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó kọjú sí títì ló ti ń tún aago ṣe, ó sì ti wà nídìí ẹ̀ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Iṣẹ́ tí ènìyàn bá ti ṣe pẹ́ a máa wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Ọkùnrin yìí kò lè sọ bíi tiwa pé ó kù díẹ̀ kí aago méjì lù; àfi kó sọ pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Bí wọ́n bá ní oúnjẹ ti délẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò, àfi bí ẹni pé aago ló máa sọ fún un bóyá ebi ń pa á. Bí ó bá fẹ́ lọ ra búrẹ́dì ní ìkángun àdúgbò, á kọ ọ́ sínú ìwé, á sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Yàrá iwájú ilé ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù: ẹ̀rọ ìránṣọ kan lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì ìgéṣọ láàárín, aṣọ oníbàárà lórí ìkọ́ yí gbogbo ògiri ká. Màmá Bọ́tìnnì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìdí ni pé bí ó bá rí ẹni tí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ já lójú ọ̀nà, á ké sí i wọlé, á ran òmíràn mọ́ ọn lórí ìdúró, kò sì ní gba kọ́bọ̀. "Máa lọ," á wí, "o kàn fẹ́ ba ojú fèrèsé mi jẹ́ ni." Ẹlẹ́rìn-ín ni, ẹnu rẹ̀ kì í gbẹ fún àwàdà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà tí kì í fi í ṣeré, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ṣoṣo tó ní láyé nìyẹn. Ọmọ ọdún méjì ni Màmá Bọ́tìnnì nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n sì ti di ọmọge. Òun ló pọ̀n ọ́n, òun ló bọ́ ọ, òun náà ló kọ́ ọ bí a ti ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, iṣẹ́ ọkọ gbé ẹ̀gbọ́n lọ sí ìlú èbúté kan ní erékùṣù kejì, ìrìn ọjọ́ méjì lórí òkun. Ọdún méjìlélógún rèé tí wọn ò fojú kan ara wọn. Orí fóònù ni wọ́n ti ń kí ara wọn, orí fóònù ni wọ́n ti ń bá ara wọn jà.

Ẹ máa rò pé owó ni kò jẹ́ kó lọ. Owó kọ́ o. Ètò ni.

Lẹ́ẹ̀kínní tí wọ́n fẹ́ lọ, Bàbá Aláago ṣètò títí, ọkọ̀ ojú omi gbéra nígbà tó ṣì ń wá agboòrùn kejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ mọ ọdún tí wọ́n kan ọkọ̀ náà. Kí wọ́n tó rí ẹni tó mọ̀ ọ́n, òjò ti dé, ọkọ̀ ti lọ sinmi. Ẹ̀ẹ̀kẹta ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀ẹ̀kẹta sílẹ̀, ẹ̀sín ni. Ká ní èmi ni ìyàwó ẹ̀ ni, mi ò bá ti lúwẹ̀ẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n Màmá Bọ́tìnnì mọ ọkọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé ọkùnrin náà kò ṣe é láti fi ìyà jẹ òun, ẹ̀rù ló ń bà á kí nǹkan kan má ṣe òun lójú ọ̀nà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àfi ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí ẹ̀gbọ́n pè.

"Àbúrò mi, ojú yìí ti ń lọ o," ẹ̀gbọ́n ní. "T'òsì ò ríran mọ́ rárá. T'ọ̀tún ló kù, òun náà ń ṣe bí ẹni tó ń wo ayé látinú kùrukùrù. Dókítà ní òun máa ṣiṣẹ́ abẹ sí i. Kì í ṣe Ajé tó ń bọ̀ yìí, Ajé tó tẹ̀ lé e. Ó ní ó lè dáa, ó sì lè má dáa."

"Ó máa dáa, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ ná kí n sọ̀rọ̀. Ọ̀bẹ ò bà mí lẹ́rù. Ojú rẹ ni mo fẹ́ rí kí wọ́n tó fọwọ́ kan tèmi. Bí ó bá dáa, màá tún rí ọ. Bí kò bá dáa, mo ti rí ọ. Ṣé o gbọ́?"

Màmá Bọ́tìnnì ní òun gbọ́. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ láì ran nǹkan kan, omijé sì ń bọ́ sórí kọ́là ẹ̀wù olóyè kan tó yẹ kó ti parí láti àná. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé, kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn sọ fún un pé, "Bàbá wọn, tí mi ò bá wọ ọkọ̀ tó ń bọ̀ yìí, mi ò ní dárí jì yín." Bàbá Aláago wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kò sí ẹ̀rín kankan níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì ni ọkọ̀ yẹn ń lọ, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nílùú. Bí èyí bá lọ láìsí wọn, iṣẹ́ abẹ á ti kọjá kí òmíràn tó gbéra.

Ní ọ̀la ọjọ́ náà, Ọjọ́rú, ó lọ sí èbúté fúnra rẹ̀, ó sì mú tíkẹ́ẹ̀tì méjì bọ̀. Ẹ bá mi yìn ín. Màmá Bọ́tìnnì gba tíkẹ́ẹ̀tì, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Nọ́ńbà ìjókòó wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n rà á wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ máa lọ kò sí níbẹ̀.

"Ìgbà wo ló máa gbéra?"

"Bàbá Oníwèé ní ọjọ́ mẹ́sàn-án òní, aago méjì ọ̀sán." Bàbá Oníwèé ni arúgbó tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní èbúté.

Màmá Bọ́tìnnì na ìka. "Òní Ọjọ́rú, ọ̀kan. Ọjọ́bọ̀, méjì. Ẹtì, mẹ́ta. Àbámẹ́ta, mẹ́rin. Àìkú, márùn-ún. Ajé, mẹ́fà. Ìṣẹ́gun, méje. Ọjọ́rú, mẹ́jọ. Ọjọ́bọ̀, mẹ́sàn-án. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn."

"Ẹtì ni," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Báwo ló ṣe di Ẹtì?"

"Nítorí pé o ka òní mọ́ ọn. Kí lo fẹ́ kà nínú òní? Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì. Wákàtí mẹ́rìnlélógún ló ń jẹ́ ọjọ́ kan. Ó di aago mẹ́wàá ọ̀la kí ọjọ́ kan tó pé, kí n tó lè pè é ní ọ̀kan. Ìṣirò ni, Ìyá wọn, kì í ṣe àlọ́."

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án òní ni bàbá náà pè é. Ó dárúkọ òní. Ẹ sì ní ká má ka òní."

Bàbá Aláago mú téèpù ìwọnṣọ lórí tábìlì, ó nà án jáde. "Nígbà tí o bá ń wọn apá aṣọ, ṣé o máa ń ka etí téèpù mọ́ ọn? Ṣebí òdo lo fi ń bẹ̀rẹ̀?"

Ó jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n Màmá Bọ́tìnnì kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń tán lẹ́nu rẹ̀. Ó fa ẹ̀wù olóyè yọ. "Bọ́tìnnì mẹ́fà ló wà níwájú ẹ̀wù yìí. Tí mo bá ń kà á, ṣé kí n fo ti ọrùn ni? Kí olóyè máa rìn kiri kí àyà rẹ̀ máa ṣí sílẹ̀ gbayawu?"

"Bọ́tìnnì kì í ṣe ọjọ́."

"Téèpù náà kì í ṣe ọjọ́! Ẹ sì tún wá gbé e sí ọjọ́ Ẹtì. Ẹtì, ọjọ́ tí nǹkan ń tì! Nínú gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá."

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọjọ́ lórúkọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ bi bàbá náà."

Ẹ̀hẹ̀n, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bàbá Aláago fa ara rẹ̀ ga. "Kí n padà lọ bi í pé kí ni? Kí wọ́n máa wí ní èbúté pé Aláago ò mọ ọjọ́ kà?" Fóònù ọ́fíìsì èbúté sì rèé, ó ti kú tipẹ́, kò sẹ́ni tó lè pè é. Màmá Bọ́tìnnì gbé ẹ̀wù olóyè padà sórí ìkọ́. Nínú ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí wọ́n ti fẹ́ra, ọkọ rẹ̀ ti ṣi nǹkan púpọ̀ ṣe. Ó ti ra bàtà méjì tó jẹ́ ti ẹsẹ̀ òsì rí. Ó ti kun ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ sínú yàrá rí, tó fi sùn síbẹ̀ kí ọ̀dà tó gbẹ. Ṣùgbọ́n ní ti àsìkò, kò ṣì í rí. Obìnrin náà rò ó, ó ní tóò, ẹni tó ni iṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n.

Bí ètò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá Aláago ra ìwé tuntun. Nǹkan mọ́kànlélógójì ló kọ sínú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọṣẹ, méjì. Agboòrùn, méjì, ọ̀kan fún òjò, ọ̀kan fún oòrùn. Àbẹ́là. Ìpara ẹ̀fọn. Bisikí tí kò ní rọ̀. Ìrọ̀rí tí wọ́n ń fi ẹnu fẹ́. Ìwé tó fi ya àwòrán ọkọ̀ náà, pẹ̀lú ọfà tó ń tọ́ka sí ibi tí ilé ìtura wà, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí kò tíì wọ ọkọ̀ náà rí láyé.

"Okùn, ẹsẹ̀ bàtà ogún," ìyàwó rẹ̀ kà sókè. "Kí la fẹ́ fi okùn ṣe?"

"Ènìyàn kì í mọ̀."

"Bàbá wọn, ṣé ẹ fẹ́ dè mí ni?"

"Bí o bá ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí títí, ó ṣeé ṣe."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀sẹ̀ náà dùn, mi ò ní purọ́. Àpótí ńlá méjì wà ní ṣíṣí lórí ibùsùn, lójoojúmọ́ ni Bàbá Aláago ń kó nǹkan sínú wọn, tó ń kó o jáde, tó ń tún un kó. Ó fi ìwọ̀n wọ̀n wọ́n, ó ní ti ọwọ́ òsì fi díẹ̀ wúwo ju ti ọwọ́ ọ̀tún lọ, ìyẹn lè mú kí èjìká ènìyàn wọ́. Màmá Bọ́tìnnì rán ẹ̀wù tuntun kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tún pè é pé kó sọ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kó wá pàdé wọn ní èbúté ọ̀hún ní ọjọ́ Àìkú.

"Àìkú kẹ̀?" ẹ̀gbọ́n ní. "Àbámẹ́ta ni ọkọ̀ máa ń gúnlẹ̀ síbí."

"Ọkọ mi ní Àìkú ni lọ́tẹ̀ yìí."

"Tóò. Ọkọ rẹ ló ni aago."

Ó yẹ kí ìyẹn ti tó o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba nǹkan gbọ́, ẹ fi òótọ́ gún un lójú, á ní ìdọ̀tí ló kó sí òun lójú.

Bí Ọjọ́bọ̀ ṣe mọ́ nìyẹn. Àpótí ti fẹ́ẹ̀ tán, ó ku nǹkan mọ́kànlá nínú ìwé. Bàbá Aláago lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti parí aago àwọn oníbàárà kó tó lọ ìrìn àjò ọ̀la. Màmá Bọ́tìnnì náà ń palẹ̀ mọ́ nínú yàrá iwájú nígbà tí olùkọ́ kan wọlé, obìnrin tín-ín-rín kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ìwé tó wà lẹ́yìn wọn.

"Màmá, ẹ káàsán o. Mo wá gba ẹ̀wù mi."

"Ẹ̀wù wo? Ṣebí àná lo kó o wá?"

"Háà, Màmá! Ìjẹta ni. Ìjẹta ni mo kó o wá, ẹ ní kí n wá lónìí."

"Ìjẹta kẹ̀? Jẹ́ kí n wò ó." Màmá Bọ́tìnnì na ìka, àwàdà ló fẹ́ fi ṣe. "Òní, ọ̀kan. Àná, méjì. Ìjẹta..."

Ìka kẹta dúró sókè. Olùkọ́ náà dúró, ó ń wò ó.

"Màmá?"

"Kí ló dé tí a fi ń pè é ní ìjẹta?"

"Ẹ̀n?"

"Ìjẹta. Ẹ̀ta ló wà nínú ẹ̀. Ọjọ́ tó ṣáájú àná. Tí a bá yọ òní kúrò, ọjọ́ méjì péré ló kù. Ìwọ tí o ń kọ́ni ní ìṣirò, kí ló dé tí kì í ṣe ìjẹjì?"

Olùkọ́ ronú. "Nítorí pé wọ́n ka òní mọ́ ọn, Màmá. Bí àwọn àgbà ṣe ń kà á nìyẹn. Òní ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀."

"Yéè!" Màmá Bọ́tìnnì ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Bàbá Oníwèé! Ọjọ́ orí bàbá náà ti tó mẹ́lòó? Yéè, mo gbé! Jókòó ti ṣọ́ọ̀bù yìí fún mi, mò ń bọ̀."

"Màmá, mo ní kíláàsì ní aago kan o!"

Kò gbọ́ ọ. Ó ti wà lójú títì, gèlè lọ́wọ́, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni èbúté sí ilé wọn. Nígbà tó yọ lẹ́yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí, ohun tó kọ́kọ́ rí ni èéfín dúdú tó ń jáde lórí ọkọ̀ ojú omi funfun gàgàrà kan. Àwọn alágbàáṣe ń gbé àpò gun àkàbà. Obìnrin kan ń fa ewúrẹ́ tó ní òun ò lọ. Màmá Bọ́tìnnì sáré dé ojú fèrèsé kékeré tí Bàbá Oníwèé jókòó sí lẹ́yìn, arúgbó tí eyín rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ.

"Bàbá, ẹ kúuṣẹ́ o. Ọkọ̀ wo lèyí?"

"Ọkọ̀ wo ló tún wà? Ọkọ̀ yín ni. Aago méjì ló ń lọ. Ẹrù yín dà?"

"Ọkọ mi ní ọ̀la ni. Ó ní ẹ sọ fún òun pé ọjọ́ mẹ́sàn-án òní."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Òní gan-an ló pé mẹ́sàn-án."

"Ó ní òun ò ka ọjọ́ tí ẹ sọ ọ́."

Bàbá Oníwèé yọ ojú sóde. "Kò kà á? Kí ló ṣe ọjọ́ náà? Ọjọ́ tí mo jókòó síbí láti àárọ̀, tí oòrùn ràn, tí mo jẹun lẹ́ẹ̀mejì, tí mo ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un, ó ní kì í ṣe ọjọ́? Kí ló wá jẹ́?" Inú bí i débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde láti ojú fèrèsé. "Kó padà wá bá mi níbí!"

Màmá Bọ́tìnnì kò lè dúró gbọ́ ìyókù. Aago ara ògiri ọ́fíìsì náà ní aago kan ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì wà nínú ìwé ọkọ rẹ̀, ìwé wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ẹ̀wù sì wà lọ́rùn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó pè é.

"Bàbá wọn, ọkọ̀ ń lọ."

"Ọkọ̀ wo?"

"Tiwa. Mo wà níwájú ẹ̀. Òní ni."

"Kò lè jẹ́ òní. Ìṣirò..."

"Ọkọ̀ ò mọ ìṣirò! Ó ń rú èéfín!"

Bàbá Aláago ṣí ìwé rẹ̀ wàràwàrà. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. "Nǹkan mọ́kànlá ló kù. Bisikí ò tíì dé. Àpótí òsì ò ṣeé tì. Jẹ́ kí n sáré dé ilé, kí n kó àwọn tó ṣe pàtàkì, kí n..."

Ojú Màmá Bọ́tìnnì wá là kedere. Ó rí i bí nǹkan ṣe máa lọ: ọkọ rẹ̀ á dé ilé, á dúró lórí àpótí, á máa yan èyí tó ṣe pàtàkì nínú nǹkan mọ́kànlélógójì, ọkọ̀ á fọn fèrè lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sùn sórí ibùsùn ilé ìwòsàn láì rí ohun tó béèrè. Inú bí i, àánú ọkọ rẹ̀ sì ṣe é, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ gbọ́ mi," ó ní, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti fi ń tẹ̀ lé ètò yín. Mo fẹ́ràn yín. Lónìí, èmi ni mò ń ṣètò, nǹkan kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé tèmi. Ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì bọ̀. Ẹ má yà sílé. Ẹ má kó nǹkan kan. Bí mo bá rí okùn lọ́wọ́ yín, omi ni màá jù ú sí, màá sì ju ẹ̀yin náà tẹ̀ lé e."

Ó gbé fóònù mọ́ etí dáadáa. Ó ń gbọ́ bí àwọn aago ṣe ń dún kí-kí-kí ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀.

"Mò ń bọ̀," ni Bàbá Aláago wí.

Àwọn tó wà ní èbúté lọ́jọ́ náà ṣì ń fi ṣe ìròyìn. Ọkùnrin tó máa ń sọ pé ẹni tó bá gun alùpùpù ti fi iwájú orí ṣe bírékì, ẹ̀yìn alùpùpù ló wà, ó di awakọ̀ mú níbàdí bí ọmọ ọwọ́, ó dijú pinpin. Épírọ́ọ̀nù iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Awò kékeré tó fi ń wo inú aago ṣì lẹ̀ mọ́ iwájú orí rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo ọkọ̀, ó wo èéfín, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Mo ṣì í," ó ní.

"Ẹ ní kí ni?"

"O gbọ́ mi."

"Mi ò gbọ́ dáadáa, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ẹ tún un sọ."

"Ìyá wọn, ọkọ̀ ń lọ!"

Bàbá Oníwèé nawọ́ láti ojú fèrèsé, ó ń pariwo pé òun ní ọ̀rọ̀ láti bá ọkùnrin yẹn sọ. Wọn ò dá a lóhùn. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n gun àkàbà, lẹ́yìn ewúrẹ́ tó ti gbà nígbẹ̀yìn.

Èbúté ti kéré lẹ́yìn wọn nígbà tí fóònù Màmá Bọ́tìnnì dún. Olùkọ́ ni. "Màmá, ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀. Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì," ni Màmá Bọ́tìnnì wí, ó sì rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti di irin ọkọ̀ mú. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, tilẹ̀kùn. Ẹ̀wù rẹ wà lórí ìkọ́ kẹta. Mi ò gba owó rẹ̀."

Báyìí ni tọkọtaya náà ṣe la òkun kọjá láì ní ọṣẹ kan. Obìnrin kan yá wọn ní aṣọ ìbora. Ẹni tó ni ewúrẹ́ fún wọn ní búrẹ́dì. Òòyì kọ́ Bàbá Aláago ní ọjọ́ kìíní, ó ní bí òun bá kú kí wọ́n sọ fún gbogbo ayé pé òun ní oògùn rẹ̀ nínú àpótí ọ̀tún, nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún. Kò kú. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, ó ti jókòó sórí àpò ìrẹsì kan pẹ̀lú àwọn atukọ̀, ó ń tún aago ọ̀gá ọkọ̀ ṣe pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ fà yọ létí ẹ̀wù. Màmá Bọ́tìnnì kò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n bí erékùṣù kejì ṣe yọ níwájú, òun fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ń rò ó pé ṣé ojú náà ṣì ń ríran, ṣé òun ò ti pẹ́ jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ọ̀sán gangan. Màmá Bọ́tìnnì ti pè láti orí ọkọ̀ pé Àbámẹ́ta náà ni, ẹ̀gbọ́n sì ti jókòó sórí àga kékeré kan létí èbúté, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dúró tì í. Ó ti wé gèlè, ó ti kun àtíkè, ó gbé orí sókè, ó ń wo gbogbo ẹni tó ń kọjá láì dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Màmá Bọ́tìnnì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi rèé."

"Ohùn rẹ nìyẹn. Ohùn kọ́ ni mo ní kí o gbé wá. Sún mọ́ mi."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú àbúrò rẹ̀ mú, ó fà á mọ́ra títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ó yí i sí apá oòrùn. Ó wo iwájú orí, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wo ìlà tí ọdún ti fà sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó pẹ́ lórí ẹ̀.

"Ìyá mi," ó ní.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni. Àbúrò yín ni."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ṣé mo ya wèrè ni? Ojú Ìyá lo gbé wá, mo ní. O ò jọ ọ́ nígbà tí mo fi ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ orí ló mú un jáde." Ó fi àtàǹpàkò nu abẹ́ ojú àbúrò rẹ̀. "Gbogbo ìgbà tí o wà ní kékeré, tí o máa ń bi mí pé báwo ni Ìyá ṣe rí, tí mo kàn máa ń sọ pé ó rẹwà, tí o máa ń bínú pé mi ò sọ tó. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ ni. Kò ya fọ́tò rí láyé ẹ̀. Bí a bá délé, wo dígí. Òun nìyẹn. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn."

Màmá Bọ́tìnnì fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ló ti fi ń wá ojú yẹn, òun ló sì gbé e rìn. Ó bú sẹ́kún níwájú gbogbo èrò èbúté.

"Má sunkún, jọ̀ọ́, má sunkún," ẹ̀gbọ́n ní, òun náà ń sunkún. "Ìyá kì í sunkún bẹ́ẹ̀. Rẹ́rìn-ín kí n wò ó. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ó gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. Ó tún gbìyànjú. Ẹ̀rín náà jáde pẹ̀lú omi ojú àti omi imú, ó sì wá di ẹ̀rín gidi, ẹ̀gbọ́n sì ń wò ó, ó ń wò ó, ó ń mi orí.

"Ó tó," ó ní. "Kí dókítà máa mú ọ̀bẹ rẹ̀ bọ̀."